Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Kan Láti Ọ̀tan Ayégbajú

Ìjà tí Nojim Maiyegun pàdánù ló gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ wá fún Nàìjíríà. Tokyo ni, lọ́dún 1964. Ọmọ Èkó yìí wà láàárín àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ìwọ̀n ara wọn kò ju kílò 71 lọ, ó sì ń ti ìpele kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi ku ẹyọ ìjà kan kó dé àṣekágbá. Níbẹ̀ ni Joseph Gonzales, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti dá a dúró. Ká ní bọ́ọ̀lù ni, wọn ì bá ní kó tún lọ bá ẹlòmíràn tó pàdánù du ipò kẹta. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Òlíńpíìkì ní àánú nínú: ẹni tí wọ́n bá ti lù dé ibẹ̀ yẹn kò ní í jà mọ́, àwọn méjèèjì tó pàdánù ni yóò gba bàbà. Bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà, tó ti ń lọ sí ìdíje yìí láti ọdún 1952, ṣe kọ́kọ́ mú nǹkan bọ̀ wálé, láti ọwọ́ ọkùnrin tí rẹfirí kò gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè nínú ìjà tó jà kẹ́yìn níbẹ̀. Ọdún 2024 ni Maiyegun kú ní Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí mo fẹ́ bá àwọn eléré fíìmù wa sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ó yẹ kí wọ́n ṣe fíìmù nípa irú ẹni tó pàdánù síbẹ̀ tó jẹ́ akọni bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè kan ẹ̀ṣẹ́. Kí fíìmù náà jẹ́ ti àwàdà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí irú ìlú kékeré bí Ọ̀tan Ayégbajú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ṣe Èkó. Àwọn kan á ní ìtàn akọni ni ìtàn akọni, kí ló wá kan ẹ̀rín níbẹ̀? Àwàdà ló kàn án, torí pé òun nìkan ló ní sùúrù láti dúró ti ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan lójú ayé. Ó ń jẹ́ ká máa wò ó bó ṣe ń ṣubú, ká máa rẹ́rìn-ín, kí ìfẹ́ rẹ̀ sì máa wọ̀ wá lára sí i láàárín ẹ̀rín náà. Fíìmù akọni máa ń fo apá ibẹ̀ yẹn dá, ojú rẹ̀ ti wà níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ wo bí àwa fúnra wa ṣe máa ń sọ ìtàn aláìlágbára. Nínú àlọ́, Ìjàpá ni. Kò ga, kò lè sáré, kò lágbára kankan; ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló fi ń gbé ẹranko tó jù ú lọ ṣubú, tó bá sì pẹ́, ọgbọ́n náà á yí padà lé e lórí, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì fọ́ yángá. Nínú fíìmù, láti ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé ti gbé iṣẹ́ wọn wọ sinimá títí dé ayé fídíò, oògùn ló sábà máa ń jẹ́. Ọmọ tálákà tó fẹ́ borí alágbára á lọ bá baba kan nínú igbó. Wọ́n á dì í ní ońdè, wọ́n á sín in ní gbẹ́rẹ́, alágbára á sì ṣubú lulẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mi ò bu ọ̀nà méjèèjì kù, ilé wa ni wọ́n ti wá, a sì ti rí adùn nínú wọn. Àbùkù tí mo rí ni pé nínú méjèèjì, aláìlágbára náà kì í kọ́ nǹkan kan. Bí ara rẹ̀ ṣe wà kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ló ṣe wà nígbà tó parí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó wo fíìmù náà tán kò rí nǹkan kan tó lè lọ dán wò lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kò gba irú ìyẹn. Ara ló ń lò, ara kì í sì í mọ nǹkan lóòjọ́ kan ṣoṣo.

A kò ṣàìní ohun tí a lè fi ṣe é. Iléṣà ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ti wá, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà tí Ọ̀tan wà. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n sí Bàbá Sàlá, òun àti awò ojú rẹ̀ tó tóbi ju ojú lọ. Nígbà tó gbé Ọ̀run Móoru jáde lọ́dún 1982, ọ̀rọ̀ ẹni tí ọrọ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ló fi pa wá lẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó jáde níbẹ̀ tó ń fi òṣì ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀ràn tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín, Bàbá Sàlá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ Àgbàmú ni Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love, láti ilẹ̀ Ìgbómìnà wa, tí Ọ̀tan náà jẹ́ ara rẹ̀. Ó kópa nínú Ìjà Òmìnira lọ́dún 1979, fíìmù tí wọ́n gbé ka ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìtàn àwọn tí wọ́n kọ̀ láti máa gé koríko fún ẹṣin ẹlòmíràn. Àwàdà wà nílẹ̀ nígbà náà, ìtàn aláìlágbára tó dìde náà wà nílẹ̀. Ó ku kí a so wọ́n pọ̀, kí a sì fi ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ sí wọn lọ́wọ́.

Àwọn tó so wọ́n pọ̀ ní ibòmíràn kò kábàámọ̀. Nínú City Lights tí Charlie Chaplin gbé jáde lọ́dún 1931, ọkùnrin aláìnílé kan wọ ríǹgì torí owó tó fẹ́ fi ran ọmọbìnrin afọ́jú kan lọ́wọ́. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹfirí. Bí rẹfirí bá yà sọ́tùn-ún, òun náà á yà sọ́tùn-ún. Bí ọ̀nà bá là, á yọjú, á ju ẹ̀ṣẹ́ kan, á tún sá padà, títí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi dà bí ẹni ń jó ijó kan náà. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n lù ú dákú. A ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ká tó rántí pé owó ilé ọmọbìnrin náà ló ṣubú pẹ̀lú rẹ̀ sílẹ̀ yẹn. Lọ́dún 1936, Harold Lloyd ṣe ti ẹni tó ń kiri wàrà tó ṣèèṣì di abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Rocky ti ọdún 1976 kì í ṣe fíìmù àwàdà, àmọ́ ó yẹ ká dárúkọ rẹ̀ torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé nípa rẹ̀: Rocky kò borí. Àwọn adájọ́ gbé ìjà náà fún alátakò rẹ̀. Ara ohun tó ta Sylvester Stallone jí tó fi kọ ọ́ ni Chuck Wepner, ẹni tó ń ta ọtí fi jẹun, tó kojú Muhammad Ali ní oṣù kẹta ọdún 1975. Ráwùǹdù kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tó dá ìjà náà dúró, ó ku ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún kó parí. Ali ló ni ìjà. Wepner ló ni ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú inú wo tiwa. Ká ní ọmọbìnrin kan ni, tó ń yan gàrí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Ọ̀tan. Mo dìídì mú obìnrin, torí láti London lọ́dún 2012 ni àwọn obìnrin ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ ní Òlíńpíìkì, àti pé ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022, Cynthia Ogunsemilore àti Elizabeth Oshoba wà lára àwọn tó gba bàbà fún Nàìjíríà nínú ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tó ń yan gàrí ti ní èjìká, ó ti ní ọrùn ọwọ́, èéfín sì ti kọ́ ojú rẹ̀ láti má ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà. Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fẹ́ kọ́ ọ. Wọn kò ní báńdéèjì tí àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ń dì sọ́wọ́ kí wọ́n tó ki ìbọ̀wọ́ bọ̀ ọ́, ni ọmọ náà bá lọ gba òjá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi ń pọn ọmọ. Kí kámẹ́rà dúró síbẹ̀, kó má kánjú: sójà fi òjá náà há àtàǹpàkò, ó yí i mọ́ ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbé e kọjá lẹ́yìn ọwọ́, ó yí i mọ́ oríkèé ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbà á gba àárín ìka kọ̀ọ̀kan, ó tún padà sí ọrùn ọwọ́, ó sì kù lọ́wọ́ rẹ̀ bíi pé kò ní í tán láé, torí ẹni tó rán an ṣírò ìdí ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá ni, kò ṣírò ọwọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ń ké nínú ilé. Ẹ̀rín dé. Ẹni tó sì wo ibẹ̀ tán ti mọ bí a ṣe ń di ọwọ́ kí egungun rẹ̀ má bàa yẹ̀.

Wọ́n rọ èérún igi láti ọ̀dọ̀ àwọn onípákó sínú àpò ìrẹsì, wọ́n so ó rọ̀ sára igi máńgòrò. Ọmọ náà fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá a. Àpò lọ, àpò bọ̀, ó sì gbé e ṣánlẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà ló bú sẹ́rìn-ín, àwa náà bá wọn rín in. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún gbá a. Àpò lọ, àpò bọ̀, ó sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, àpò náà kọjá níwájú imú rẹ̀, ó sì bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi í ṣẹ̀sín. Ẹ̀rín kan náà ni, igi máńgòrò kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń rín ti yí padà, a kò sì mọ ìgbà tó yí. Iṣẹ́ tí mo ní kí fíìmù yìí ṣe nìyẹn, mi ò sì mọ irú fíìmù mìíràn tó lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ nìkan, ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí, ọwọ́ rẹ̀ kò níṣẹ́. Bí sójà náà bá ti sọ ọ́ sọ ọ́ tí kò yé ọmọ, onílù ni kó bá a là á yé e. Àwọn Ìgbómìnà tó ń fi Egúngún Ẹlẹ́wẹ̀ yangàn mọ ohun tí ẹsẹ̀ lè ṣe nígbà tí ìlù bá ń bá a sọ̀rọ̀. Kò yẹ kí ọmọ ilẹ̀ yìí máa ti ilẹ̀ òkèèrè kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lọ gbé e bọ̀.

Ìdí tí mo fi ní Ọ̀tan nìyẹn, àti pé Èkó ti ní ìtàn tó pọ̀ jù. Ọ̀tan Ayégbajú ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Bólúwadúró. Ìlú tó ní ọba tirẹ̀, Ọ̀wá, ni, òkè ló yí i ká, Ìrèsì àti Ẹ̀rìpà sì ni aládùúgbò rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ka orúkọ àwọn ìlú tí fíìmù Yorùbá ti ṣẹlẹ̀ kì í sábà dé ibẹ̀. Nínú fíìmù wa, ará oko máa ń wọ Èkó kí a tó fi èdè àti ìrìn rẹ̀ ṣẹ̀rín. Jénífà ti Fúnkẹ́ Akíndélé lọ́dún 2008 ló fi hàn pé owó wà nínú ọmọ abúlé tó ń pa ni lẹ́rìn-ín, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n tó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ibẹ̀, láti ìgboro ni wọ́n ti ń wo abúlé. Mo fẹ́ èyí tí ìlú kékeré fúnra rẹ̀ ń rín, ní èdè rẹ̀, nílé rẹ̀, tó sì jẹ́ pé Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ níbi ìdíje eré ìdárayá gbogbogbòò, ni ibi tó jìnnà jù lọ tí ẹsẹ̀ akọni wa dé.

Àtakò tó le jù lọ, àwọn àgbà ti fi òwe sọ ọ́: ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọni. Òbí wo ló fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ ìjà nígboro tó ti kún fún ọmọ ìta? N kò lè fi ọwọ́ rọ́ òwe yìí sẹ́yìn, nítorí òótọ́ ni nípa ìjà tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ìjà tí kò lófin ni òwe náà ń bá wí. Èyí tí a ń sọ yìí ní ráwùǹdù mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta; ó ní ìwọ̀n kí ẹni ńlá má bàa jẹ ẹni kékeré níyà; bí ẹnìkan bá ṣubú, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí rẹfirí sì kà dé ẹ̀jọ kó tó jẹ́ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìta kì í ka nǹkan kan dé ẹ̀jọ fún ẹni tó bá lù ṣubú. Ìjọba ilẹ̀ yìí sì ti mọ̀ nígbà kan rí pé iyì wà ńbẹ̀: ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, Pápá Ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn ni Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, ti lu Gene Fullmer, ọmọ Amẹ́ríkà, títí tí àwọn èèyàn Fullmer fi ní ó tó lẹ́yìn ráwùǹdù keje, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú ìjà fún àmì ẹ̀yẹ àgbáyé bẹ́ẹ̀ yóò wáyé nílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Láti Atlanta lọ́dún 1996, tí Duncan Dokiwari gba bàbà, Nàìjíríà kò tíì tún fi ẹ̀ṣẹ́ gba nǹkan kan ní Òlíńpíìkì. Fíìmù kọ́ ni yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì rí ẹnikẹ́ni tó jọ òun nínú ríǹgì kò ní í béèrè ibi tí ríǹgì wà.

Àtakò kejì jẹ mọ́ ewu, ó sì wúwo lọ́kàn mi. Ẹ̀ṣẹ́ máa ń ba ọpọlọ jẹ́, ó máa ń ba ojú jẹ́, àwọn èèyàn ti kú nínú rẹ̀. Ṣé ó yẹ ká fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣàwàdà fún ọmọdé? Bí fíìmù náà bá pa ewu mọ́, kò yẹ. Nítorí náà, kí dókítà wà nínú rẹ̀, kó má jẹ́ ẹni tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Kí ìran kan wà tí wọ́n ti ní kí akọni wa má jà lọ́sẹ̀ yẹn torí orí tó ń fọ́ ọ, kó sunkún, kó bẹ̀bẹ̀, kí sójà sì kọ̀ jálẹ̀. Mo gbà pé èyí ń dáàbò bo ọmọ ju kí a dákẹ́ lọ, torí ọmọ tó fẹ́ jà yóò jà, bóyá a ṣe fíìmù tàbí a kò ṣe é.

Àwọn mìíràn á ní a ti ní akànṣẹ́ aláwàdà, ká wo Portable olórin. Lóòótọ́, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2023, èrò wò ó ní Èkó bó ṣe na Charles Okocha, òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ariwo. Lọ́dún 2025, Speed Darlington na òun náà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ojú àwọn èèyàn ń wá ríǹgì, wọ́n sì fẹ́ rí ẹni tí kò yẹ níbẹ̀. Àmọ́ alẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn. A rí ìjà, a kò rí oṣù mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìtàn wà. Ẹ rántí ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2019 ní Madison Square Garden. Anthony Joshua, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, tí ara rẹ̀ dà bí èyí tí ọ̀gá oníṣọ̀nà gbẹ́, dojú kọ Andy Ruiz, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dípò ẹlòmíràn, tí ikùn rẹ̀ ń mì bó ṣe ń rìn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nígbà tó bọ́ aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbé Joshua ṣánlẹ̀, ráwùǹdù keje ni rẹfirí dá a dúró. Ó dun àwa Yorùbá wọ egungun. Síbẹ̀, bí a bá fi ìbànújẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ruiz kò ṣèèṣì: láti kékeré ló ti ń kan ẹ̀ṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju bí ikùn rẹ̀ ṣe jẹ́ ká rò lọ. Ẹ̀rín àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà, àìmọ̀kan wọn ló ń rín. Fíìmù tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ ká rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó fi àìmọ̀kan wa hàn wá.

Ẹni tó bá ní ìjàkadì ló yẹ kí a ṣe, pé òun ni tiwa, tí Ọ̀fà tó múlé tì wá ti fi di olókìkí, mi ò bá a jiyàn. Kó ṣe é, a ó wò ó.

Ohun kan tí mo bẹ àwọn eléré fíìmù wa fún ni pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọbìnrin náà borí. Owó yóò máa ti ẹni tó ń ṣe fíìmù pé kí ọmọ Ọ̀tan gba wúrà, kí gbogbo ìlú dà síta, kí Ọ̀wá fi oyè dá a lọ́lá. Rárá o, kí ó jà dé àṣekágbá ní Òṣogbo, kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ráwùǹdù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ, kí rẹfirí sì gbé ọwọ́ ẹnì kejì sókè. Sójà á tú òjá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kíká lẹ́yìn kíká, yóò gùn bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkọ̀ tí yóò gba Ìkìrun padà sílé ti ń pe èrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ó ti tẹ̀ síwájú, ọmọ ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn gba òjá rẹ̀.